Ìyá ẹni ọdún 57 tó fẹ́ gbé orin ara rẹ̀ jáde ní Kétu: ṣé ó ti pẹ́ jù?

Lẹ́tà kan wọlé láti Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti kà á tó ìgbà mẹ́ta, mo sì ti gbọ́ orin méjì tí ẹni tó kọ ọ́ fi fóònù gbà tó fi tẹ̀lé e. Lẹ́tà yẹn gùn, mo gé e kù díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìyí: "Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 57 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe fún ọdún 31 kí n tó fẹ̀yìntì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nínú kọ́ọ̀ràlì ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń wà láàárín àwọn tó ń gbe orin tí wọ́n bá ń ṣe Ẹ̀fẹ̀, orin alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbí. Orin tí mo kọ fúnra mi lé ní ogójì nínú ìwé kan, gìtá tí ọkọ mi tó ti di olóògbé fi sílẹ̀ ni mo fi ń kọ wọ́n. Wọ́n jọ orin soul àwọn dúdú Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn láti máa gbọ́, àmọ́ Kétu ló wà nídìí ẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ní stúdíò ní Kùtọnu ní kí n mú mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin sẹ́fà wá, òun á ṣe orin mẹ́fà àti kílíìpù méjì, òun á fi ẹ̀rọ tún ohùn mi ṣe torí ó ti gbó. Lóòótọ́, ohùn òkè tí mo ní tẹ́lẹ̀ ò sí mọ́. Àwọn ọmọ mi ní kí n má dójú ti àwọn. Ṣé ẹni tó ti tó ọdún 57 ṣì lè bẹ̀rẹ̀ orin, àbí ó ti pẹ́ jù?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Ìbéèrè ẹyọ kan lẹ fi parí lẹ́tà yín, àmọ́ bí mo ṣe ń kà á mo rí i pé mẹ́rin ló so kọ́ra níbẹ̀, ti ọjọ́ orí, ti ohùn, ti owó, àti ti ojú táwọn ọmọ yín fi ń wò yín, ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ di ẹrù kan ẹ gbé e lé ọjọ́ orí lórí. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta gìtá ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí tí mo sì ń gba orin àwọn èèyàn sílẹ̀, mo ti jókòó ti ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó wọ stúdíò, ohun tí mo sì rí ni pé ọjọ́ orí kọ́ ló ba ti àwọn tí tiwọn bàjẹ́ jẹ́. Ìkánjú ni, àti owó tí wọ́n kó lé ẹni tí kò yẹ lọ́wọ́, àti pé wọ́n gbà kí wọ́n sọ wọ́n di ẹlòmíì.

Ọ̀rọ̀ "bẹ̀rẹ̀" yẹn gan-an ni ká kọ́kọ́ tú. Ẹni tó ti ń kọrin láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ní orin ogójì nínú ìwé, kò bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan lónìí, etí àwọn èèyàn ni kò tíì débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wo gbogbo àwọn tí ayé ń pè ní ẹni tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ wọn rí. Sharon Jones, tí wọ́n bí ní 1956 ní Augusta ní Georgia, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ orin, ó ń kọrin níbi ìgbéyàwó, ó ń gbe orin lẹ́yìn àwọn ẹlòmíì ní stúdíò, àmọ́ iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ ni iṣẹ́ wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Rikers Island ní New York, ó sì tún ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ nínú ọkọ̀ tó ń kó owó. Wọ́n ti sọ ọ́ sí i létí pé ó kúrú jù, ó sanra jù, ó dúdú jù, ó sì ti dàgbà kọjá. Ọdún 2002 ni àwo àkọ́kọ́ tí òun àti Dap-Kings, ẹgbẹ́ onílù ẹ̀, ṣe jáde, ó ti ń lọ sí ẹni ọdún 46 nígbà yẹn, ó sì kọrin kiri ayé títí tó fi kú ní 2016. Cesária Évora ti Cape Verde náà, tí kì í wọ bàtà tó bá ń kọrin, láti ọ̀dọ́ ló ti ń kọrin nílé ọtí ní ìlú Mindelo, ó tiẹ̀ dákẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá torí kò rí nǹkan kan jẹ nídìí ẹ̀, àwo tó ṣe ní Paris ní 1988 ló ṣílẹ̀kùn fún un, ó ti di ẹni ọdún 47, ìgbà tó sì gba Grammy ní 2004 ó ti lé ní ọgọ́ta. Ibrahim Ferrer ti Cuba ń dán bàtà kó tó di pé wọ́n wá pè é sí stúdíò ní 1996, nígbà tó di ọdún 2000 wọ́n fún un ní Latin Grammy ti olórin tuntun tó dára jù, ẹni ọdún 73 ni o. Olórin tuntun kẹ̀! Èèyàn tó ti ń kọrin kí àwọn tó fún un lámì-ẹ̀yẹ tó dáyé.

Èyí tó jọ tiyín jù lójú mi ni ti Charles Bradley. Wọ́n mú un lọ wo James Brown, gbajúmọ̀ olórin soul, ní gbọ̀ngàn Apollo ní New York lọ́dún 1962, ọmọdé ni, ohun tó rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn ò kúrò lára ẹ̀ mọ́. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ kúkù kiri, tó bá di alẹ́ á wọ aṣọ bíi James Brown, á dé irun bíi tiẹ̀, á máa kọ orin ẹ̀ nínú kíláàbù. Ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, àmọ́ orin James Brown làwọn èèyàn wá gbọ́, wọn ò wá gbọ́ Charles Bradley. Ìgbà tó wá bọ́ irun yẹn sílẹ̀, tó kọrin nípa arákùnrin ẹ̀ tí wọ́n pa, tó kọrin nípa ìyà tó jẹ lójú pópó, ìgbà yẹn layé dúró gbọ́ ọ. Ẹni ọdún 62 ni nígbà tí àwo àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde ní 2011, ọdún mẹ́fà péré ló sì fi jẹ ẹ́ kó tó kú ní 2017. Mo rántí ẹ̀ nígbà tí mo ka ibi tí ọmọkùnrin stúdíò yẹn ti ní òun á fi ẹ̀rọ tún ohùn yín ṣe. Irun tí wọ́n fẹ́ dé yín lórí nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má rò pé mo ń ka orúkọ wọ̀nyí kí n lè ṣèlérí fún yín pé ẹ̀yin náà á dé ibi tí wọ́n dé. Ẹ ò ní mọ iye àwọn tí ohùn wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ títí wọ́n fi kú, mo mọ mẹ́ta ní Àjàṣẹ́ níbí nìkan, mo sì sunkún ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé àwọn tó yọ yìí, ẹnì kan gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe rí, ó sì fún wọn ní àyè láti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ilé wa. Orchestre Poly-Rythmo ti Kùtọnu, láti 1968 ni wọ́n ti wà, wọ́n gbọ́ soul àti funk Amẹ́ríkà, wọ́n sì lù ú mọ́ ìlù ìbílẹ̀ wa bí Sato, ọdún 2009 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ lu ìlù yẹn ní Yúróòpù, àgbààgbà ni wọ́n nígbà yẹn, orin tó sì gbé wọn lọ síbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ti ṣe látìgbà èwe wọn. Sagbohan Danialou tiwa ní Àjàṣẹ́ níbí ńkọ́? Ta ló lè sọ fún un pé kó jókòó torí ọjọ́ orí?

Ẹ̀gbọ́n mi, ó tún yà mí lẹ́nu pé Kétu lẹ wà tẹ́ ẹ fi ń bi mí ní ìbéèrè yìí. Níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, tí UNESCO fi kún ohun àjogúnbá gbogbo ayé láti 2001 tí wọ́n sì tún kọ ọ́ sínú ìwé ńlá wọn ní 2008. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ẹni tó bá jáde wá kọrin, ta ló ń béèrè ọdún tí wọ́n bí i? Ohun tá a ń gbọ́ ni bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ inú, bóyá ó mọ ibi tó yẹ kó ti bú ìkà àti ibi tó yẹ kó ti tu àwọn ìyá wa lójú, bóyá ohùn ẹ̀ á dé ìparí ọjà láìsí míkírò. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló ń ronú orin ẹ̀, òun ló ń kọ́ àwọn elégbè, ìyẹn gan-an ni ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní olórin tó ń kọ orin ara ẹ̀. Àárín ẹ̀ lẹ dàgbà sí. Redíò àti tẹlifíṣàn ló kó o sí wa lórí pé orin ti ọmọ ogún ọdún ni. Àwọn àgbà ní bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àkísà yẹn sì ni soul fi ń rán aṣọ ẹ̀, ẹni tí nǹkan kan ò tíì já mọ́ lọ́wọ́ rí, ohùn ẹ̀ lè dùn ṣùgbọ́n orin yẹn á ṣòro fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohùn fúnra ẹ̀, torí pé ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà yín jù. N kì í ṣe dókítà, ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí mo kọ́ lẹ́nu àwọn dókítà ọ̀fun nígbà tí mò ń mú àwọn olórin lọ bá wọn, àti èyí tí etí mi ti gbọ́. Ẹran pẹlẹbẹ méjì ló wà nínú ọ̀fun tó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde, tá a bá ń dàgbà wọ́n máa ń tín-ín-rín, wọ́n máa ń gbẹ, wọn kì í nà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àyà náà kì í ṣí tó bó ṣe ń ṣí, èémí á wá kúrú. Fún obìnrin, tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, ohùn máa ń sọ̀ kalẹ̀, fún ọkùnrin àgbà ó sábà máa ń gòkè díẹ̀ ni. Nítorí náà ohùn òkè tẹ́ ẹ ń wá yẹn, ẹ má wá a mọ́, ó ti lọ, kì í sì í ṣe àìsàn. Kọ́ọ̀ràlì ló gbé yín sókè nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdébìnrin tí wọ́n sì fi yín síbẹ̀, ẹ wá rò pé ibẹ̀ nìkan nilé yín. Orin àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, òkè yẹn náà lẹ ti mú un, mo gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń fún ọ̀fun mọ́ra láti débẹ̀, ara mi ò balẹ̀. Ẹ mú un sílẹ̀ lórí gìtá, ẹ dán an wò ní ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tẹ́ ẹ ti lè kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Láàárọ̀, ẹ pa ẹnu dé kẹ́ ẹ máa kùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí kẹ́ ẹ ti ọ̀pá tín-ín-rín oníhò tí wọ́n fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò mu bọ omi nínú ife kẹ́ ẹ máa kùn sínú ẹ̀ tí omi á máa hó, ó jọ eré ọmọdé ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́jú ohùn olórin ń lò ó, ó máa ń jẹ́ kí ohùn jí láìfipá mú un.

Ẹ mu omi káàkiri ọjọ́, pàápàá tí ọyẹ́ bá ti dé, torí ọyẹ́ Kétu ò mọ olórin. Ẹ má jẹun alẹ́ kẹ́ ẹ lọ sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, omi kíkan inú ikùn máa ń gòkè wá jó ọ̀fun. Wọ́n á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ jẹ orógbó, kẹ́ ẹ la oyin, kẹ́ ẹ mu àtàlẹ̀, kò burú, wọ́n ń tu ọ̀nà ọ̀fun lára, àmọ́ ohun tá a bá gbé mì kì í gba ojú ibi tí ohùn ti ń jáde kọjá, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, tó bá gba ibẹ̀ ikọ́ ló máa dà. Sódábì, ògógóró ilẹ̀ wa, ni kẹ́ ẹ sá fún. Àwọn onílù á gbé e wá pé kẹ́ ẹ fi la ohùn kẹ́ ẹ tó gun orí ìtàgé, ó ń gbẹ ọ̀fun, ó sì ń jẹ́ kéèyàn má mọ̀ pé òun ń ṣe ara òun léṣe. Ohun kan tún nìyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan nínú ẹ̀ máa ń fa ikọ́ gbígbẹ tí kì í lọ, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín o, ẹ sọ fún dókítà yín, ó lè fún yín ní irú mìíì. Tí ohùn bá sì há tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí òtútù, ẹ lọ rí dókítà ọ̀fun, àwọn tí wọ́n ń pè ní ORL, ẹ má dúró de àgbo. Mo ti rí ẹni tó dúró, mo sì mọ ohun tó ná an.

Nísisìyí, ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe. Láti 1997 ni Auto-Tune ti wà, èmi náà ní in lórí kọ̀ǹpútà mi, n kò ní kí àwọn ọ̀dọ́ má lò ó, àwọn kan ń fi í ṣe nǹkan tó dùn mọ́ etí gan-an. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé tí ohùn bá yà díẹ̀, á fà á padà sórí ìlà. Àmọ́ ẹ wò ó, Yorùbá lẹ fi ń kọrin, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀, tí ẹni tó ń yí ẹ̀rọ bá ti fà á le jù láìgbọ́ èdè, ibi tẹ́ ẹ ti rọra yọ̀ láti ìsàlẹ̀ sí òkè á di gígún gbọọrọ, "ọkọ" yín á fẹ́ di "ọkọ́". Yàtọ̀ sí ìyẹn, orin kejì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, èyí tẹ́ ẹ kọ fún bàbá, ohùn yín já nígbà tẹ́ ẹ pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kejì. Mo dá a padà mo tún gbọ́ ọ, ìyàwó mi tó ń ṣe nǹkan míì nínú ilé dúró. Ibi tó já yẹn ni orin náà wà. Ẹ̀rọ á ran án, kò sì ní sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, irú orin báyìí, yàrá kan ló ń fẹ́, ẹ̀yin àti gìtá, ẹni kan lórí gìtá béèsì, dùndún kan tó gbọ́ èdè yín dáadáa, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, obìnrin méjì tí wọ́n á gbe é, kí gbogbo yín sì lù ú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ máa wo ojú ara yín. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó gbé Sharon Jones jáde ṣe ń ṣe é, inú ilé kan ní Brooklyn, orí téèpù àtijọ́ ni wọ́n ń gbà á sí. Ẹ̀rọ olówó gọbọi kọ́ ló jẹ́ kó dùn, àwọn tó wà nínú yàrá yẹn mọ ara wọn ni.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń bí mi nínú jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ forí jì mí tí mo bá pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo wà lẹ́ni ọdún 24, mo kọ orin mẹ́rin fún ọkùnrin kan tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde, ó fún mi ní owó tó tó ra gìtá, ó gbé ìwé Faransé kan síwájú mi, mo fọwọ́ sí i láìkà á tán torí mo fẹ́ kí orin mi jáde. Kásẹ́ẹ̀tì yẹn tà, wọ́n ń ta á ní ọjà Wàǹdó, ó dé Badagry, orúkọ mi ò sí lẹ́yìn ẹ̀. Títí dòní tí wọ́n bá lu ọ̀kan nínú àwọn orin yẹn níbi òkú ṣíṣe, mo máa ń dìde jáde síta. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan o. Bettye LaVette ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó ti ní orin tó gbajúmọ̀ ní 1962, ní 1972 ó ṣe odindi àwo kan tán, ilé iṣẹ́ tó ni téèpù gbé e sọ sínú àpótí, ọdún 2000 ni àwọn kan ní Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde. Ọdún 28! Ẹni tó bá ni téèpù ló ni orin, bó ti wù kí ohùn jẹ́ tìẹ tó. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó wọ stúdíò ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè ta ló máa ni ohun tá a bá gbà sílẹ̀, fún ọdún mélòó, orúkọ ta ló máa wà lábẹ́ ẹni tó kọ orin. Tó bá ní kí orúkọ òun wà níbẹ̀ torí pé òun ló yí bọ́tìnì, ẹ dìde. Kẹ́ ẹ sì lọ forúkọ orin yín sílẹ̀ ní BUBEDRA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ orin, kó tó jáde, ẹ mú ọ̀rọ̀ orin àti ohùn tẹ́ ẹ gbà lọ. Òfin ẹ̀tọ́ olórin tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní 2006 ń dáàbò bo orin títí ẹni tó kọ ọ́ á fi kú, ó tún wá ń bá àwọn ajogún ẹ̀ lọ fún ọdún 70.

Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin yẹn, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Owó tí àwọn ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń san fún ìgbà kan tẹ́nì kan gbọ́ orin yín, ìgbà púpọ̀ kì í tó sẹ́fà mẹ́ta. Ká tiẹ̀ sọ pé ó tó mẹ́ta géérégé, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ yín ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta kẹ́ ẹ tó rí owó yín padà, kẹ́ ẹ má tíì jẹ kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Láti 2024 sì ni Spotify ti ní orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín oṣù méjìlá, àwọn ò ní san nǹkan kan lé e. Kì í ṣe pé ọmọkùnrin yẹn jẹ́ olè o, n kò mọ̀ ọ́n, kílíìpù ń gba owó lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó mọ iṣẹ́ orin ijó dáadáa. Àmọ́ ó gbọ́ ohùn yín, ohun àkọ́kọ́ tó sì rí sọ ni pé ó ti gbó. Ẹni tó máa gba orin yín sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ohun tó gbọ́. Owó ìfẹ̀yìntì, ẹ̀gbọ́n mi, òun ni oúnjẹ, òun ni oògùn, ẹ má fi í ra òkìkí, kò sí níbi tí wọ́n ti ń tà á.

Kí wá lẹ lè ṣe? Èyí tí mo rò pé ó dára jù ni kẹ́ ẹ mú orin mẹ́ta péré nínú ogójì yẹn, àwọn tẹ́ ẹ bá kọ fún èèyàn tí ilé dákẹ́, kẹ́ ẹ fi oṣù méjì lù ú pẹ̀lú àwọn onílù Kétu títí á fi mọ́ yín lára, kẹ́ ẹ wá wọ stúdíò fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìdáwọ́lé yẹn ò ní gba owó tó súnmọ́ iye tí wọ́n pè fún yín. Lẹ́yìn náà redíò ìlú, àwọn ìpàdé olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ọjọ́ ọdún ìlú, ibi tí wọ́n ti lè jókòó gbọ́ yín. Ó nira díẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lórí òde ìsìnkú àti ìkómọ, torí owó wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórin wa ti ń jẹun, wọ́n á ná an fún yín, àmọ́ òru ni, ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni, èéfín ni, ẹni tó bá ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọjọ́ orí yín, mo ti rí i tí ohùn ẹ̀ parí láàárín ọdún méjì. Ẹ yan èyí tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ jókòó kọrin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín sí agogo méjì òru. Ẹ sì rántí pé Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà ò jìnnà sí yín. A máa ń wo Kùtọnu àti Paris ṣáá, bẹ́ẹ̀ àwọn tó gbọ́ Yorùbá lódì kejì ibodè pọ̀ lọ súà ju gbogbo èèyàn Bẹ̀nẹ̀ lọ, èdè Kétu tẹ́ ẹ fi kọ orin yẹn, àwọn àgbà wọn á gbọ́ ọ bí ìgbà tí ìyá wọn ń pè wọ́n. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ rin ìrìn kankan, tẹ́ ẹ kàn fẹ́ kí àwọn orin yẹn má bá yín lọ sọ́run, ìyẹn náà dára, ẹ gba gbogbo ogójì sílẹ̀ lórí fóònù nínú yàrá tó dákẹ́, ẹ kọ ọjọ́ àti ìdí tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. N kò fojú kéré ìyẹn rárá, bóyá òun ni kẹ́ ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ ṣe, lọ́sẹ̀ yìí.

Ti àwọn ọmọ yín ò ní pẹ́ lẹ́nu mi. Ìtìjú ni wọ́n pè é, àmọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, wọ́n ti rí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wọ aṣọ ọmọdé sí lára nínú kílíìpù tí gbogbo ayé wá ń pín kiri lórí WhatsApp, wọn ò fẹ́ kó jẹ́ ìyá wọn, wọ́n sì ti gbọ́ iye owó tí wọ́n pè. Ẹ pè wọ́n jókòó, kì í ṣe láti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, ẹ fi ìṣirò owó hàn wọ́n, ẹ sọ fún wọn pé kò sí kílíìpù, pé orin mẹ́ta ni, pé orúkọ ìyá wọn ló máa wà lórí ẹ̀ àti pé àwọn ni òfin máa fi í lé lọ́wọ́ lẹ́yìn yín. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ta gìtá bàbá wọn, kẹ́ ẹ kọ orin kejì yẹn fún wọn nínú pálọ̀. Mo lérò pé wọn ò tíì gbọ́ ọ rí. Ẹ ò sọ fún mi pé wọ́n ti gbọ́ ọ.

Orí fóònù ni mo ti gbọ́ yín, fóònù máa ń jẹ ìsàlẹ̀ ohùn, torí náà n kò lè sọ gbogbo bí ohùn yín ṣe rí títí ma á fi gbọ́ ọ lójúkojú, ó sì lè jẹ́ pé mo máa yí ọkàn mi padà lórí orin àkọ́kọ́ yẹn tẹ́ ẹ bá ti mú un sílẹ̀. Ìgbàkigbà tí ọ̀nà bá mú yín wá sí Àjàṣẹ́, ẹ mú ìwé orin yẹn dání, ẹ mú dùndún tó bá gbọ́ èdè yín jù wá, kí ẹ sì gbé gìtá bàbá wá bó ṣe wà. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pààrọ̀ okùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún nígbà tẹ́ ẹ fi kọ orin náà.